Ẹ KA LẸ́TÀ MÉJÌ TÍ Ó WÀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀ YÍN



Nínú ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí tí àwọn ọmọ ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, orí kan wà tí kò yẹ kí ó pin sínú ìwé wọn. Orí náà ni ti ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ jẹ́ kí a jọ kà á.

Hóró kéékèèké ló kún inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ojú lásán kò lè rí wọn. Hóró tí ó dára rí roboto, ó sì rọ̀. Ó ń gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n lára àwọn ènìyàn kan, hóró náà a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì le. Ó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Eegun a máa ro ẹni náà gidigidi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa dínkù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó a máa wú. Èyí ni fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń pè é ní drépanocytose.

Níbo ni ó ti wá? Kì í ṣe àjẹ́. Kì í ṣe èpè. Kì í ràn. Bàbá àti ìyá ló jọ fún ọmọ láìmọ̀.

Ẹ mú ẹ̀wà funfun 2 àti ẹ̀wà pupa 2. Ẹ fi funfun 1 àti pupa 1 sí ọwọ́ bàbá. Ẹ fi ìyókù sí ọwọ́ ìyá. Funfun ni A, èyí tí ó dára. Pupa ni S, èyí tí ń mú kí hóró tẹ̀. Bàbá ní AS, ìyá ní AS. Àrùn náà kò ṣe wọ́n. Wọ́n lè má mọ̀ títí ayé.

Nígbà tí oyún bá dúró, òbí kọ̀ọ̀kan á fún ọmọ ní ẹ̀wà 1 péré. Kò sí ẹni tí ó lè yàn án. Ọ̀nà 4 ló wà: funfun àti funfun, funfun àti pupa, pupa àti funfun, pupa àti pupa. Pupa àti pupa ni SS. Ọmọ náà ni àrùn ń ṣe. Ọmọ tí ó gba S lọ́wọ́ ẹnìkan, tí ó sì gba C lọ́wọ́ ẹnìkejì, ní irú àrùn yìí pẹ̀lú. Lẹ́tà C kò sí nínú ABD Yorùbá wa, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i lórí ìwé ilé ìwòsàn.

Ẹ ṣọ́ra o! Bí ọmọ kan bá ní i, kò túmọ̀ sí pé mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́. Ní oyún kọ̀ọ̀kan, a tún ẹ̀wà náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí S fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa? Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í tètè pa ọmọ tí ó ní AS. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń kú léraléra, a ní àbíkú ni. A sọ wọ́n ní Málọmọ́, a sọ wọ́n ní Kòsọ́kọ́. A fi abẹ kọ wọ́n lára. A lé ìyá wọn kúrò nílé ọkọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni àrùn yìí pa. Ibà àti ìgbóná pa ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹ̀wà náà wò: ìyá nìkan kò lè dá bí SS. Ọkọ tí ó lé ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀wà pupa tirẹ̀ lọ bá ìyàwó tuntun.

Kí ni kí a ṣe?

Kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó sọ̀rọ̀ ìdána. Ẹ béèrè électrophorèse. Lẹ́tà méjì ni wọn yóò kọ fún yín. Ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́.

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní S, tàbí tí ẹnìkan ní S, tí ẹnìkejì ní C, ẹ sọ fún agbẹ̀bí nígbà oyún, kí a lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ní kété tí a bá bí i. Ní Kútọnu, láti àwọn ọdún 1990, dókítà Cherif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun wò. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé ọmọ tí a bá tètè mọ àrùn rẹ̀, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, lè yè.

Ẹ fún ọmọ náà ní omi mu dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un. Ẹ jẹ́ kí ó sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ jẹ́ kí ó gba gbogbo àjẹsára rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, iṣẹ́ yín nìyí. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́, ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà méjì tiyín.