ÌHÁMỌ́RA ỌLỌ́RUN KÌ Í ṢE OŃDÈ

Ní Éfésù àtijọ́, òwò oògùn kì í ṣe òwò ìkọ̀kọ̀. Ìlú ńlá ni, lábẹ́ ìjọba Róòmù. Tẹ́ḿpìlì Átẹ́mísì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò sì ń wá a láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́fà kan wà tí gbogbo ilẹ̀ Gíríìkì mọ̀ mọ́ orúkọ ìlú náà, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lásán kò mọ ìtumọ̀ wọn, tí a ń pè bí ọfọ̀, tí a sì ń kọ fún ènìyàn láti so mọ́ ara. Àwọn Gíríìkì a máa pa ìtàn oníjàkadì kan ará Éfésù tí ó so ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ń bá a jà kò lè dá a. Nígbà tí a rí ońdè náà, tí a sì tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú léraléra. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù mú ìhìnrere wọ̀. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 19, ròyìn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbàgbọ́ kó ìwé idán wọn jọ, wọ́n sì dáná sun wọ́n lójú gbogbo ènìyàn. A ṣírò iye wọn, ó jẹ́ 50,000 owó fàdákà. Bí owó náà bá jẹ́ dírákímà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kan. Alágbàṣe tí ó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún yóò ṣe é ju ọdún 160 lọ kí ó tó rí iye náà. Ohun iyebíye ni wọ́n sun.

Ẹni tí ó ti ń so ońdè láti kékeré mọ bí ara ti í rí lọ́jọ́ tí a bá tú u: ó dàbí ìhòòhò. Kí ni àwọn ará Éfésù yóò fi dí àlàfo náà? Ìdáhùn wà nínú ìwé tí a kọ sí wọn láti inú ẹ̀wọ̀n, ní orí 6, níbi tí àpọ́sítélì náà ti ka ohun ogun lọ́kọ̀ọ̀kan: àmùrè òtítọ́, ìgbàyà òdodo, bàtà ìhìnrere àlàáfíà, apata ìgbàgbọ́, àṣíborí ìgbàlà, àti idà Ẹ̀mí. Àwọn kan rò pé ọmọ-ogun tí ń ṣọ́ ọ ni ó ń wò bí ó ti ń kọ̀wé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàyà àti àṣíborí yìí ti wà nínú ìwé wòlíì Aísáyà, orí 59, tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí Pọ́ọ̀lù, Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó sì wọ̀ wọ́n níbẹ̀. Aṣọ Ọlọ́run ni a yá onígbàgbọ́ wọ̀. Ẹni tí a yá ní aṣọ ọba kò lè wọ̀ ọ́ lọ jalè.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà. Ońdè kì í bi ẹni tí ó so ó léèrè bí ó ti lo ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹni náà purọ́, bí ó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ, wọ́n ní ońdè ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bí ó bá ṣáà ti pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́. Àmùrè òtítọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá purọ́, kò sí àmùrè ní ìbàdí rẹ̀ mọ́, ìbáà ka orí náà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú a ti rí irú iná Éfésù. Ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, ní Ilẹ́ṣà, lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó oògùn wọn jáde, a sì sun wọ́n. Iná náà dára. Ṣùgbọ́n eérú a máa tutù, ìhòòhò a sì máa wá aṣọ. Nígbà náà ni tíírà a yọ́ padà wọlé, tí a kò ní pè é ní tíírà mọ́. Ẹlòmíràn a kọ Sáàmù sínú ìwé, a sì rán awọ bò ó. Ẹlòmíràn a ki Bíbélì bọ abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, kò sì ní ka ẹsẹ kan nínú rẹ̀. Àwọn kan a tilẹ̀ máa ka orí 6 ìwé Éfésù yìí lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà oko, bí ọdẹ ti í pe ọfọ̀, kí wọ́n tó lọ fa pèrègún ààlà tu, kí wọ́n sì gbìn ín sínú oko aládùúgbò wọn. Kò sí ẹni tí ó ń bá àdúrà jà. Ẹni tí ó ka Sáàmù nínú ìpayà ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ó sì ṣe dáradára. Ẹni tí ó rán Sáàmù mọ́ awọ, awọ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Ogun tí ìhámọ́ra yìí wà fún kì í sábà dé pẹ̀lú ariwo. Ní ìgbà ìkórè kòkó, láti oṣù Ọ̀wàrà dé oṣù Ọ̀pẹ, orí ẹní tí a sá kòkó sí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìjọ ti ń pàdé rẹ̀. A ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù fún nǹkan bí ọjọ́ 5 tàbí 6, lẹ́yìn náà a ó sá a sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju nǹkan bí ìpín 8 nínú 100 lọ. Èyí tí kò bá gbẹ tó yóò bu nínú àpò, yóò sì ba èyí tí ó yí i ká jẹ́. Àgbẹ̀ mọ èyí. Ó tún mọ̀ pé kòkó tí kò gbẹ a máa wúwo lórí òṣùwọ̀n, àti pé owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró de oòrùn. Alárinà yóò sì wí fún un pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí á da èyí tí kò gbẹ sí ìsàlẹ̀ àpò, kí á da gbígbẹ lé e lórí. Ta ni yóò tú u wò?” Láàárín àpò àti òṣùwọ̀n náà ni a ti ń di àmùrè òtítọ́, tàbí kí a tú u sílẹ̀. Ẹni tí ń ra kòkó kò bọ́ nínú rẹ̀: àwọn kan ń bẹ tí ohùn wọn dùn láàárín akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi, tí òṣùwọ̀n wọn kò sì lè sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Wọ́n a máa wí pé ẹni tí ó bá ṣe òtítọ́ nínú irú òwò yìí yóò pàdánù. Nítòótọ́, yóò pàdánù. Ẹ̀tàn ni kí oníwàásù ṣèlérí pé ìgbàyà òdodo yóò dáàbò bo àpò owó. Àyà ni ìgbàyà ń bò, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn àyà ni ó sì ń ṣọ́.

Apata ọmọ-ogun Róòmù kì í ṣe ohun kékeré. Pákó tí a lẹ̀ pọ̀ ni, a fi awọ bò ó, ó sì gùn tó láti bo ènìyàn láti èjìká dé orúnkún. Nígbà tí ọfà bá ń rọ̀, àwọn ọmọ-ogun a sún mọ́ ara wọn, ti iwájú a gbé apata síwájú, ti ẹ̀yìn a gbé e lé orí, títí gbogbo wọn yóò fi wà lábẹ́ ìkarawun kan. “Ahun” ni àwọn ará Róòmù ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìwé Éfésù pẹ̀lú ń bá wí nígbà tí ó sọ̀rọ̀ apata. Ó yẹ kí ìjọ rántí èyí nígbà tí ẹbí bá ń lé opó kúrò nínú oko ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọrin fún un lọ́jọ́ ìsìnkú, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a lọ síwájú àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ó pín oko, apata tirẹ̀ nìkan ni ó kù, ọfà yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

A sì ń ṣi apata yìí lò nínú ọ̀ràn ìlera. Ṣọ̀pọ̀ná, tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro nílẹ̀ yìí, kò sí mọ́ láyé. Ní ọdún 1980 ni a kéde òpin rẹ̀, àjẹsára ni Ọlọ́run sì lò. Ìyá tí ó bá fi ìgbàgbọ́ ṣe àwáwí, tí kò gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmọ ni ó tì síwájú apata, òun sì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, níbi tí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1846, inúnibíni dìde sí àwọn onígbàgbọ́ ní ọdún 1849. A mú wọn, a nà wọ́n, a sì fi àbà kan ẹsẹ̀ wọn, nítorí wọn kò fẹ́ padà sídìí òrìṣà. Pàṣán dé ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wọ̀n ti wà ní ọwọ́ ẹni tí ó kọ ìwé nípa ìhámọ́ra. Ẹni tí ó so ońdè ìbá ti sọ pé oògùn òun kò jẹ́, ìbá sì wá òmíràn lọ. Àwọn wọ̀nyí jáde nínú àbà, wọ́n sì padà sí ilé àdúrà.

Àgbẹ̀ tí ó dúró ti àpò kòkó rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ọjà sì di ọ̀la, kò ní gbọ́ ohùn kankan láti ọ̀run. Yóò tú ẹnu àpò náà, yóò da kòkó tí kò gbẹ padà sórí ẹní, yóò sì gbójú sókè wo ìkùukùu, bóyá oòrùn yóò ràn lọ́la.