Òjé Kọ́ Ló Ń Ba Ìbọn Àtijọ́ Jẹ́

Bí ẹnì kan bá gbé ìbọn sójà àtijọ́ dé pápá ìyìnbọn ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba, tó sì kó ọta òjé tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà sílẹ̀, ìkìlọ̀ á bẹ̀rẹ̀ kíá: "Ọ̀gá, òjé yẹn á ba ọ̀pá ìbọn yín jẹ́ o. Ọta tí wọ́n fi bàbà bò ni kí ẹ lọ rà." Irọ́ ni. Ó kàn ti pẹ́ nílẹ̀ ni.

Irin ni ọ̀pá ìbọn. Òjé rọ̀ débi pé èékánná lè họ ọ́. Bàbà tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn le jù ú lọ fíìfíì. Ẹ wo Lee-Metford tí Gẹ̀ẹ́sì gbé fún sójà rẹ̀ lọ́dún 1888. Ìlà inú ọ̀pá rẹ̀ ò jìn. Nígbà tí ẹ̀tù tí wọ́n ń pè ní cordite dé, ooru rẹ̀ jẹ àwọn ìlà náà, àfi ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ìlà mìíràn tó jìn lọ́dún 1895, tó di Lee-Enfield. Ọta aláwọ̀ mẹ́táàlì ni wọ́n ń yìn nígbà náà. Níbo ni òjé ti fara kan irin?

Ọ̀pọ̀ ọta ológun ayé ọjọ́un tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ńkọ́? Ohun tó ń ṣáná nídìí wọn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Bí ẹ ò bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó dógùn-ún nìyẹn.

Mi ò sọ pé òjé kì í lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì wọ ọ̀pá tí òjé ti lẹ̀ mọ́, ẹ ó rí ègé wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi fàdákà tó ń jábọ́. Rírọ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi, ni wọ́n bá ń wá òjé àwọn atẹ̀wé àtijọ́ kiri, èyí tó ní antimony àti tánńganran nínú. Ó le lóòótọ́, ó sì tún ń lẹ̀, nítorí wọn ò wo ìwọ̀n. Ẹ mú .303 tí Lee-Enfield ń yìn. Ọta rẹ̀ fẹ̀ tó 0.311 ínǹṣì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí wọ́n fi ìkánjú ṣe nígbà ogun fẹ̀ tó 0.314 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta á wá dà bí ìdérí tí kò bá ẹnu ìkòkò mu: iná ẹ̀tù á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá, á yọ́ òjé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ẹ fi ọ̀rá pa ègé òjé rírọ̀, ẹ gbá a wọnú ọ̀pá pẹ̀lẹ́, ẹ tì í já, kí ẹ fi micrometer wọ̀n ọ́n. (Ìlà ọ̀pọ̀ Lee-Enfield jẹ́ márùn-ún, kò sí méjì tó dojú kọra, nítorí náà ẹ ní sùúrù.) Ọta tó bá fi díẹ̀ fẹ̀ ju ìwọ̀n ọ̀pá yẹn lọ, tí ẹ fi ọ̀rá pa, tí ẹ ò fi eré àsápajúdé rán an, kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀pá.

Wọ́n tún ní òjé kì í débi tí a rán an. Ní Creedmoor, New York, lọ́dún 1874, ará Amẹ́ríkà mẹ́fà àti ará Ireland mẹ́fà figa gbága ní 800, 900 àti 1,000 yáàdì. Òjé ni gbogbo wọn yìn. Àmì 934 sí 931 ni Amẹ́ríkà fi borí. Nílé náà, ìbọn Snider tí Èkìtìparapọ̀ gbé lọ bá Ìbàdàn jà nínú ogun Kírìjì, òjé ló ń pọ̀. Mi ò gbọ́ pé jagunjagun Ìbàdàn kan ráhùn pé kò dé ọ̀dọ̀ òun.

Ewu tó wà níbẹ̀, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀tù tí ọta òjé ń lò kéré, kòròfo tí à ń bù ú sí sì tóbi. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì bu ẹ̀tù sínú ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, àyè ṣì lè kù tí ojú ò fi ní fura. Ìyẹn lè fọ́ ìbọn mọ́ ènìyàn lójú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú kòròfo kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ọta dí i. Ẹni tó bá ní ìkìlọ̀ láti ṣe ní pápá, èyí ni kó ṣe.