Ẹ̀jẹ̀ Gennaro, Ẹ̀jẹ́ Naples

Ní àárọ̀ ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ìyá àgbà kan máa ń gba ìjókòó iwájú nínú kàtídírà ìlú Naples, ní Ítálì. "Ìbátan San Gennaro" ni ará ìlú ń pè wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà á gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹni mímọ́ náà jáde, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, kí gbogbo èèyàn lè rí i bóyá ohun dúdú tó dì sínú rẹ̀ ti yọ́. Bí kò bá tíì yọ́, àdúrà làwọn ìyá àgbà á kọ́kọ́ gbà. Bó bá pẹ́ jù, ohùn á yí padà. Wọ́n á kọjú sí ère fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò, èyí tí egungun orí Gennaro wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa pè é ní olójú ìyeyè, wọ́n á ní kó tètè ṣe ohun tó yẹ kó ṣe.

Àlejò lè pe èyí ní àfojúdi. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí olóòrìṣà ṣe ń bá òrìṣà rẹ̀ wíjọ́ nílé kò ní yà á lẹ́nu rárá. Ara ilé nìkan ni èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ọdọọdún ni àwọn oníròyìn ń béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ gidi ni. Ní 1991, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta kan nílẹ̀ Ítálì kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn po èròjà irin, ẹfun àti iyọ̀ pọ̀, ó sì di ohun kan tó dì gbagidi àmọ́ tó ń di omi bí wọ́n bá ti mì ín. Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló tóbi jù. Ìyípadà ohùn kan ṣoṣo ló ya ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ́ sọ́tọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Ẹ̀jẹ́ ló yẹ kí oníbéèrè lọ wò.

Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìgbésí ayé Gennaro kò pọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Benevento ni, nígbà tí Diocletian, olú ọba Róòmù, ń ṣe inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́. Ìtàn sọ pé ó lọ kí díákónì kan tó ń jẹ́ Sossius lẹ́wọ̀n, ni wọ́n bá mú òun náà, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní Pozzuoli ní 305. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Eusebia ló gbọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò. Lẹ́yìn náà ni ìjà òkú bẹ̀rẹ̀. Naples gbé e lọ sínú ibojì abẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún. Ní 831, ọmọ aládé Benevento kó egungun rẹ̀ lọ, kò sì padà sí Naples àfi ní 1497. Ní ti ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ́, ìwé kankan kò dárúkọ rẹ̀ títí di 1389, ìyẹn ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúwo, olóòótọ́ kò sì gbọdọ̀ fò ó dá.

Ẹ̀jẹ́ ní tirẹ̀ ní ọjọ́ àti ìwé. Ogun àti àjàkálẹ̀-àrùn ti dà Naples láàmú nígbà tí àwọn àgbà ìlú dúró nínú kàtídírà ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1527, tí wọ́n sì ṣèlérí pé bí Gennaro bá gba àwọn lọ́wọ́ àrùn, ogun àti iná òkè Vesuvius, àwọn á kọ́ ilé ìsìn tuntun fún un. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé àdéhùn fún oníṣòwò àti onílẹ̀ ni wọ́n pè láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń dá májẹ̀mú sì ti kú láti ohun tó lé ní 1,200 ọdún!

Ìlú náà kò yára san ẹ̀jẹ́. Ọdún 1608 ni iṣẹ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀, 1646 ni wọ́n ṣí i. Domenichino tí wọ́n gbà láti kùn ún kú ní 1641 láìparí iṣẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ayàwòrán ìlú ti fi ìhàlẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Àárín ìgbà yẹn ni Vesuvius bú gbàmù, ní oṣù Kejìlá 1631, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ẹsẹ̀ òkè náà. Wọ́n gbé ère àti ẹ̀jẹ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀, iná kò dé Naples. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ti jẹ́ ọjọ́ Gennaro pẹ̀lú. Lójú ará ìlú, ó ti ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra rẹ̀ kò ṣe sí níkàáwọ́ àwọn fádà nìkan. Àjọ ọmọ ìlú kan, Deputazione, ló ń bójú tó o, olórí ìlú Naples sì ni alága wọn. Fìlà bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe fún ère náà ní 1713, tó ní òkúta iyebíye tó lé ní 3,000 lára, wà lára ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Àwọn kan ń sọ pé ohun ẹni mímọ́ yẹ kó wà lábẹ́ ìjọ. Ó jọ ọ̀rọ̀ gidi, ṣùgbọ́n ìjọ kọ́ ló jẹ́jẹ̀ẹ́ ní 1527. Nígbà tí ìjọba Ítálì gbé àṣẹ kan kalẹ̀ ní 2016 tí ìbá jẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù àgbà máa yan díẹ̀ nínú àwọn ọmọ àjọ náà, àwọn ará Naples tú síta, wọ́n ń ju ìnujú funfun. Wọ́n jàre.

Ẹni tó ní àdéhùn lè fìyà jẹ ẹnì kejì rẹ̀. Ní 1799, nígbà tí ọmọ ogun Faransé wọ Naples, ẹ̀jẹ̀ náà yọ́ níṣojú wọn. Ìgbà tí ọba Naples padà dé, ará ìlú ní Gennaro ti bá ọ̀tá ṣe, wọ́n gba oyè aláàbò ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ fún Antonio ti Padua. Nígbà tó yá, wọ́n dá a padà fún un.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2020, ọdún àrùn Kòrónà, ẹ̀jẹ̀ náà kò yọ́ láàárọ̀, kò yọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n gbé ìgò náà padà sí àyè rẹ̀, wọ́n tì í pa, ó di oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó tún gbé e jáde.