Orúkọ Ń Ro Ni, Ó Ń Ro Ẹ̀rọ Pẹ̀lú

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé òwe náà ti wọ inú kọ̀ǹpútà lọ, bí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò bá sì bá a wọ ibẹ̀, àwa ni a ó pàdánù.

Ajah ni àwọn òbí mi ń gbé. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Lẹ́kí. Iṣẹ́ wọn ni láti máa kó ọjà láti Ajah lọ fún àwọn oníbàárà ní Jákàńdè, Ṣàngótẹ̀dó àti Badore. Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn ló ń jókòó ṣírò owó ọkọ̀ o. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Apache Airflow ni. Yóò jí fúnra rẹ̀ lóru, yóò ka ìwé ọjà, yóò ṣírò owó, yóò sì fi bíìlì ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé-iṣẹ́ Airbnb ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2014. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó lónìí.

Ètò yìí ní àká kan nínú. Ohun tí a bá fẹ́ kí ó máa rántí ni à ń kó síbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Èmi ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àpamọ́. Bí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí mo tẹ àṣẹ yìí:

airflow variables set owo_badore 2000

mo ti sọ fún un pé 2000 náírà ni owó ọkọ̀ dé Badore. Bí mo bá fi get rọ́pò set, tí mo sì dárúkọ àpamọ́ náà, yóò sọ iye rẹ̀ fún mi. Àṣẹ list yóò ka orúkọ gbogbo àpamọ́ jáde. Delete yóò pa èyí tí a kò fẹ́ mọ́ rẹ́. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ gbéra lọ́gán. Ẹni tó bá kọ iye owó sí ogún ibi nínú ètò rẹ̀ ní láti tún ogún ibi ṣe. Ẹni tó fi í sínú àpamọ́, àṣẹ kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa fi Yorùbá sọ àwọn àpamọ́ náà lórúkọ. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè fi àmì sí wọn. Lẹ́tà bí ẹ́ ní ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀. Ojú tiwa rí wọn bákan náà, ẹ̀rọ kò rí wọn bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí mo bá kọ, ẹlòmíràn lè pè é láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n. Báyìí ni owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ ṣe di owo kan ṣoṣo.

Èyí kéré sí ohun tó dé bá mi. Mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí ètò náà fi ń bá báńkì sọ̀rọ̀ pamọ́, mo sì sọ ọ́ ní asiri_banki. Ní ọjọ́ kejì, a ṣí ojú ìwé tí ètò náà fi ń to àpamọ́ han gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà mi wà níbẹ̀ gedegbe! Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n pè ní bank_password, àmì ìràwọ̀ mẹ́ta ni a rí ní ipò rẹ̀. Ojú tì mí.

Kí ló fà á? Ẹ̀rọ náà ní àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ń dá àṣírí mọ̀: password, secret, token, api_key àti irú wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà nínú orúkọ àpamọ́, yóò bo ohun inú rẹ̀. Àṣírí kò sí lára wọn. Lójú ẹ̀rọ yìí, àfi ohun tó bá jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó lè jẹ́ awo.

N kò dá ẹ̀rọ lẹ́bi, èmi ni n kò wádìí. Àwọn tó ṣe é kúkú fi àyè sílẹ̀: nínú fáìlì airflow.cfg, ní ibi tí a kọ sensitive_var_conn_names sí, olúkúlùkù lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. A kọ asiri síbẹ̀, a pa ètò náà, a tún un tàn, a sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìràwọ̀ yọ. Síbẹ̀, kí ẹ má ṣe sùn lọ: ẹni tó bá lè tẹ àṣẹ get yóò rí ohun inú àpamọ́ kedere, export yóò sì kó gbogbo wọn sínú fáìlì láìbo ọ̀kankan. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń jẹ́ kí ó dé ìdí àká.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n lórúkọ, kí wàhálà tán. N kò gbà. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní kí èdè wa dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ tó kù kò ju agbára wa lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Kí a to àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí wa jọ, àṣírí, kọ́kọ́rọ́, aṣínà àti awo, kí a fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ wọ́n, kí a sì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lo irú ẹ̀rọ yìí. Ní etíkun Lẹ́kí ni okùn abẹ́ òkun tí Google ń pè ní Equiano ti gúnlẹ̀ ní ọdún 2022. Òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe ẹrú rí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn àjèjì mọ iyì orúkọ. Àwa tí a ni oríkì ńkọ́?