Sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá: Ìjọba ti gbàgbé ẹ̀rí Ilé-Ifẹ̀

Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ní ìlànà náà wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ṣùgbọ́n ọdún 2022 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà ọ̀hún. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún náà kò tíì jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí kó jókòó ṣe WAEC.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, àkọ́sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì ni sáyẹ́ǹsì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ tó mọ ìgbà tí ojò máa rọ̀, tó mọ ewé tí ewúrẹ́ kì í jẹ, ló ń ya odi ní kíláàsì.

Èyí ló mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan mìíràn wò lọ́dún 1970. Àjọ Ford láti Amẹ́ríkà ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Fún odidi ọdún mẹ́fà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ọmọ tó ń sá aṣọ mọ̀ pé omi ń kúrò lára rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi Yorùbá bi í pé, "Níbo ni omi náà lọ?" ti bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn.

Lóòótọ́, èdè Nàìjíríà lé ní 500, àwọn ọmọ ẹ̀yà púpọ̀ ló sì ń pàdé ní kíláàsì kan nílùú bí Èkó. Ìwé kò tó, olùkọ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún un kò pọ̀. Àìpèsè nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi èdè. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò ní ìṣòro èdè púpọ̀ lábúlé. Ìwé àti olùkọ́ ni kí wọ́n wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.