Òpó Fóònù Tó Wà ní Ore Kò Mọ Ọ̀daràn

Kò sí ẹni tó ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Bìní tí kò mọ Ore. Olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí apá Ìlà-Oòrùn ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ á fọwọ́, á jókòó ti iyán, á sì tẹ ìyàwó rẹ̀ láago pé òun ti dé Ore. Lójú ẹsẹ̀, ilé-iṣẹ́ fóònù ti kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀, àkókò tó pè, àti òpó tí a ń pè ní mast tó gbé ìpè náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ pé àwọn ajínigbé ṣọṣẹ́ nínú igbó ìtòsí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn agbófinró yóò béèrè àkọsílẹ̀ yìí, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ iyán àti ẹni tó gbé ìbọn, òpó kan náà lè gbé ìpè àwọn méjèèjì. Òpó kò mọ ẹni tó mú fóònù dání, kò sì lè tọ́ka sí àga tó jókòó lé. Kódà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni fóònù ń lo òpó tó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí òkè bá dí i, tàbí bí ìpè bá ti pọ̀ jù lórí èyí tó wà nítòsí, òmíràn ni yóò lò. Ẹni tí kò mọ èyí yóò ka ìwé náà bí ẹni pé fọ́tò ọ̀daràn ló wà níwájú òun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìwádìí, ni Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì àti fún iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wíwá ìdí ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ sọ àbá rẹ̀, kó wá ohun tó lè tako àbá náà, kó kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe, kó sì sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí. A kì í sábàá béèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ lè rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Bí ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ń yẹ fóònù wò gbà kò bá ju kó so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, kó tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún, kó sì tẹ àbájáde jáde, lójú tèmi, akọ̀wé ẹ̀rọ lásán ni.

Ẹ̀rọ náà sì ń ṣìnà. Ní ọdún 2019, ìjọba orílẹ̀-èdè Denmark rí i pé ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọlọ́pàá fi ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ òpó fóònù ní àṣìṣe nínú. Wọ́n dá lílo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ dúró fún oṣù méjì, wọ́n ní kí a tún nǹkan bí 10,700 ẹjọ́ yẹ̀ wò láti ọdún 2012, wọ́n sì tú àwọn kan sílẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2011, wọ́n sọ fún ilé ẹjọ́ pé ẹnìkan ti ṣí ojú-ewé kan nípa oògùn chloroform nígbà 84 lórí kọ̀ǹpútà ilé ìyá kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ṣe ètò náà fúnra rẹ̀ tún un yẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ dán ètò náà wò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àṣírí ìbá ti tú kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ aago. Ọ̀pọ̀ ètò inú fóònù, WhatsApp pẹ̀lú, ń fi aago àgbáyé tí a ń pè ní UTC pa àkókò mọ́. Aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Bí olùyẹ̀wò bá gbàgbé láti fi wákàtí kan kún un, iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò di ti aago mẹ́jọ. Ní wákàtí kan, ọkọ̀ tó kúrò ní Ore lè ti kọjá Ofosu wọ Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Wákàtí yẹn tó láti gbé aláìṣẹ̀ wá síbi ìṣẹ̀lẹ̀, ó sì tó láti gbé ọ̀daràn kúrò níbẹ̀.

Òfin wa kò ṣàì ronú sí i. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 (ẹ jọ̀wọ́, 84 yìí kò bá ti Florida tan) sọ pé ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde kò ní di ẹ̀rí àfi bí a bá fi hàn, lára àwọn nǹkan mìíràn, pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Bayelsa, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2012, nítorí pé ẹni tó mú un wá kò mú ohun tí abala náà béèrè ṣẹ. Ìdájọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó buwọ́ lu ìwé pé ẹ̀rọ òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, báwo ló ṣe mọ̀? Ṣé ó dán an wò ni, àbí kìkì pé iná rẹ̀ tàn? Òfin béèrè ìbuwọ́lù. Ìlànà ìṣèwádìí nìkan ló lè fún ìbuwọ́lù náà ní ìtumọ̀.

Àwọn kan yóò ní ọlọ́pàá tí kò rí epo rọ sọ́kọ̀ kò ní àyè irú ẹ̀kọ́ yìí. Kí ni ẹ̀kọ́ náà yóò ná wọn? Yunifásítì Olusegun Agagu wà ní Òkìtìpupa tí kò jìnnà sí Ore, FUTA tó wà ní Àkúrẹ́ sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ààbò orí kọ̀ǹpútà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì mú fóònù àti ìwé ìkọ̀wé dání, kí wọ́n rin láti Ore dé ìlú Odígbó, kí wọ́n máa pe ara wọn lọ́nà, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n dúró sí àti aago tí wọ́n pè sílẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ fóònù wá fún wọn ní àkọsílẹ̀ ìpè tiwọn, kí wọ́n sì fi í wé ohun tí wọ́n kọ. Ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀ yóò sì wúlò nínú gbogbo ẹjọ́ ìjínigbé tó bá ti ọ̀nà yẹn wá.

Títí dìgbà náà, agbẹjọ́rò tí wọ́n bá gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ka iwájú oníbàárà rẹ̀ ní ìbéèrè láti bi ẹlẹ́rìí: ta ló dán ètò yìí wò, orí kí ni ó sì ti dán an wò? Ènìyàn mélòó mìíràn ni òpó yẹn gbé ìpè wọn ní wákàtí náà?