Ẹ Má Fi Bílálì Ṣe Aṣọ Ìbora

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí Ó sì ṣe wọ́n ní ìran àti ẹ̀yà kí wọ́n lè mọ ara wọn. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti sú mi láti máa gbọ́. Bí a bá ti sọ̀rọ̀ kan ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí a sọ ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ojú ènìyàn dúdú rí ní Amẹ́ríkà, kíá ni ẹnìkan nínú wa yóò ti dáhùn pé: "Ìyẹn kò kàn wá. Ìsìláàmù ti parí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí Bílálì ti pe ìrun." Gbogbo ìjókòó á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá sọ pé òun ń ka ìwé ìtàn àròsọ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ní irọ́ ni ó ń kà, kí ó lọ ka Kùránì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ta kò lónìí. Òtítọ́ ni pé Bílálì (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pe ìrun. Òtítọ́ ni pé Ànábì wa kéde pé Lárúbáwá kò ní ọlá lórí ẹni tí kì í ṣe Lárúbáwá, pé pupa kò ní ọlá lórí dúdú, àfi pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó wà nínú ìgò kì í wo ẹni tí kò mu ún sàn. Bílálì kì í ṣe aṣọ tí a ó fi bo egbò wa kí eṣinṣin má baà hàn lórí rẹ̀.

Ìwé kan àti ẹjọ́ kan

Ìwé tí mo ní lọ́kàn ni To Kill a Mockingbird, tí Harper Lee, obìnrin aláwọ̀ funfun kan láti ìpínlẹ̀ Alabama, kọ ní ọdún 1960. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1961. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì lè mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ti fi kọ́ ọmọ.

Nínú ìtàn náà, wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọkùnrin dúdú kan, Tom Robinson, pé ó fipá bá ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan lò pọ̀. Lọ́yà aláwọ̀ funfun kan, Atticus Finch, ni ó gbèjà rẹ̀. Nílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà hàn bí ọ̀sán. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú ọmọbìnrin náà ni wọ́n ti lù ú, èyí tí ó jọ iṣẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ òsì Tom sì ti rọ láti ìgbà èwe, nígbà tí ẹ̀rọ òwú mú un. Bàbá ọmọbìnrin náà gan-an ni ó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Gbogbo ènìyàn rí i. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun méjìlá tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní Tom jẹ̀bi. Nígbà tí ó gbìyànjú láti sá kúrò lẹ́wọ̀n, àwọn wọ́dà yìnbọn pa á. Ihò ọta mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kà lára rẹ̀.

Ẹni tí ó ní irọ́ ni, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1931, ní Alabama yẹn kan náà, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n purọ́ mọ́ wọn pé wọ́n fipá bá obìnrin aláwọ̀ funfun méjì lò pọ̀. Ìlú Scottsboro ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn, mẹ́jọ nínú wọn ni wọ́n sì dájọ́ ikú fún kíákíá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà padà wá sọ ní kóòtù pé irọ́ ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ náà lò lẹ́wọ̀n. Irọ́ ni kí o sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kí ẹni tí ń gbọ́ gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Òǹkàwé ìtàn àròsọ mọ̀ pé ìtàn ni òun ń kà, bí ọmọ tí ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá ṣe mọ̀. Ohun tí ó bá mú kúrò níbẹ̀ ni kí a bi í.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú. Àkọ́kọ́ ni pé Tom ṣàlàyé nílé ẹjọ́ ìdí tí ó fi ń bá ọmọbìnrin náà ṣiṣẹ́ láìgba owó: àánú rẹ̀ ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí agbẹjọ́rò ìjọba nínú jù. Ẹni tí wọ́n kà sí ẹni ìsàlẹ̀, báwo ni yóò ṣe máa ṣàánú ẹni òkè? Bí ìkórìíra ẹ̀yà ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe ìwà búburú ẹni tí ó kórìíra ni ó ń bà á nínú jẹ́ nìkan. Ìwà rere rẹ̀ gan-an máa ń bí i nínú.

Ìkejì ni pé Atticus kò bá àjèjì jà. Àwọn tí wọ́n wá lóru láti fa Tom jáde kí wọ́n pa á, aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti bá ṣe ẹjọ́ rí, tí ó fi ohun oko san owó fún un. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń bú ọmọ rẹ̀, ọmọ ìlú wọn ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ pàápàá ń kùn sí i. Ibẹ̀ ni ìgboyà wà. Ọ̀tá òkèèrè rọrùn láti bú, ẹni tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan ni ó ṣòro láti sọ fún pé, "O jẹ̀bi."

Ẹjọ́ Mẹ̀dínà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ní ìwé àwọn òyìnbó nìyẹn. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a ṣí Súrà An-Nisā, láti áyà 105. Ọ̀pọ̀ onítúmọ̀ Kùránì ní ohun tí ó fa àwọn áyà wọ̀nyí ni olè kan ní Mẹ̀dínà. Ọkùnrin kan láti ìdílé Ubayriq, nínú àwọn ará Mẹ̀dínà tí wọ́n gba Ànábì sílé, jí ẹ̀wù irin ogun. Nígbà tí ojú fẹ́ẹ́ tì í, wọ́n ti ẹ̀sùn náà sí ọrùn Yẹhúdí kan. Àwọn ẹbí olè wá sọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun láti gbèjà ọmọ wọn. Ẹ wò ó: olè jẹ́ ọmọ wa, ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ kì í ṣe ọmọ wa, àárín wa àti ìran rẹ̀ kò sì dán mọ́rán nígbà náà.

Kí ni ó sọ̀kalẹ̀ láti sánmà? Ọlọ́hun kìlọ̀ fún Òjíṣẹ́ Rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣe agbẹjọ́rò fún àwọn ọ̀dàlẹ̀. Ó bi àwọn tí wọ́n ń gbèjà pé, bí wọ́n bá gbèjà wọn láyé yìí, ta ni yóò gbèjà wọn lọ́jọ́ Àjíǹde? Ó ní ẹni tí ó bá dẹ́ṣẹ̀ tí ó sì jù ú lu aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ti ru ẹrù irọ́ àti ẹ̀ṣẹ̀ tí ó hàn gbangba. Nínú Súrà kan náà, áyà 135, Ó pàṣẹ pé kí a dúró ti déédé, ìbáà ṣe lòdì sí ara wa, àwọn òbí wa tàbí àwọn ẹbí wa. Nínú Súrà Al-Mā'idah, áyà 8, Ó ní ìkórìíra ìjọ kan kò gbọdọ̀ mú wa kọ déédé sílẹ̀.

Ní Maycomb, ènìyàn méjìlá rí òtítọ́, wọ́n sì ti ọmọ wọn lẹ́yìn. Ní Mẹ̀dínà, Ọlọ́hun fi áyà Kùránì tí a ó máa ké títí ayé yóò fi parí gba àlejò sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé bẹ́ẹ̀ kò kàn yín, ẹjọ́ tí ó wà nínú Kùránì yín ni ìwé náà ń sọ.

Ṣé lóòótọ́ ni a ti parí rẹ̀?

Abū Dharr jẹ́ sàábé ńlá. Síbẹ̀, ó wà nínú Bukhari pé ó fi ìyá bú ọkùnrin kan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Bílálì ni ọkùnrin náà, pé dúdú ìyá rẹ̀ ni ó fi bú u. Ànábì sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ìwà àìmọ̀kan ṣì wà lára rẹ̀. Abū Dharr kò ní, "Ṣèbí Mùsùlùmí ni mí." Ó gbà, ó sì yí padà débi pé nígbà tí àwọn ènìyàn rí i lẹ́yìn náà, irú aṣọ tí ó wọ̀ ni ẹrú rẹ̀ náà wọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní àrùn yìí tí ó sì nílò ìbáwí, ta ni èmi àti ìwọ?

Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, al-Jāhiz ní Basra kọ ìwé lórí iyì àwọn ènìyàn dúdú. Ibn al-Jawzī ní Baghdad, tí ó kú ní ọdún 1201, náà kọ tirẹ̀. Ẹ bi ara yín: ta ni ń kọ ìwé láti gbèjà ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bú?

Ẹ tún wo Ahmad Bābā ti Timbuktu. Ní ọdún 1591, ọmọ ogun Mọ̀rókò, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, gba ìlú rẹ̀. Wọ́n kó àgbà onímọ̀ yìí nígbèkùn lọ sí Marrakesh. Lẹ́yìn tí ó padà délé, ní ọdún 1615, ó kọ ìwé láti dáhùn ìbéèrè lórí ẹrú. Ó ní àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdí láti sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú, ó sì ta ko ìtàn pé Ànábì Nūh ṣépè dúdú àti ẹrú fún ọmọ rẹ̀. Ìgboyà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, ó to orúkọ àwọn ìran tí ó kà sí kèfèrí, tí ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú níní ẹrú wọn, orúkọ ìran Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ wà nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ya ẹnu sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ọmọwálé

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan á ní Atticus kò tó. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Nínú ìwé yẹn, òyìnbó ni ó ń sọ̀rọ̀ jù. Òkè lọ́hùn-ún ni àwọn ènìyàn dúdú jókòó sí nílé ẹjọ́, tí wọ́n ń dúró de olùgbàlà. Nítorí náà, ẹ ka ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X mọ́ ọn, èyí tí òun àti Alex Haley ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1965.

Ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ràn Malcolm nítorí ẹnu rẹ̀ tí ó mú. Èmi kò rí ìgboyà tí ó ga jù lọ níbẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé èṣù ni gbogbo aláwọ̀ funfun. Nígbà tí ó lọ sí Hájì ní oṣù kẹrin ọdún 1964, ó bá àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ funfun jẹun, ó bá wọn kírun, ó sì kọ lẹ́tà sílé pé èrò òun ti yí padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó dé Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sì sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Kò dákẹ́ lórí ìwà ìkà Amẹ́ríkà rárá. Ó kàn kọ̀ láti fi irọ́ jà fún òtítọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un tẹ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1965, wọ́n yìnbọn pa á ní New York níbi tí ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ tiwa

Gbogbo wa fẹ́ràn hádíìsì tí ó ní jìhádì tí ó lọ́lá jù ni ọ̀rọ̀ òtítọ́ níwájú aláṣẹ alábòsí. A fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé aláṣẹ jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n Ànábì tún ní kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà ṣe abòsí tàbí ẹni tí wọ́n ń ṣàbòsí sí. Wọ́n bi í bí a ó ṣe ran abòsí lọ́wọ́, ó ní kí a dì í mú kí ó má ṣe é mọ́.

Nígbà tí bàbá kan lé ọkùnrin tí ń kírun, tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kúrò lọ́rùn ọmọ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀yà mìíràn ni, ta ni nínú ẹbí tí ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Ànábì kọ́ nìyí"? Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ará mọ́sálásí pé olè ni gbogbo ẹ̀yà báyìí, ta ni tí kò fi ẹ̀rín dáhùn? Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu yín nípa ẹ̀yà mìíràn ni yóò gbé lọ sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka Kùránì, ẹ sì ka ìwé tí yóò fi ojú yín hàn yín. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ má ṣe wá ibi tí Atticus jókòó sí kí ẹ lọ gbà á. Ẹ kọ́kọ́ wo àga àwọn méjìlá yẹn, kí ẹ rí i dájú pé ẹ kò sí lórí ọ̀kan nínú wọn.

Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ìkórìíra àti ìgbéraga ẹ̀yà. Kí Ó fún wa ní ahọ́n tí yóò sọ òtítọ́ fún àwọn tiwa, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí yóò gbà á nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ fún wa. Àmín.